Àyẹ̀wò prostate: ṣé ẹni tí ara rẹ̀ le náà yẹ kó lọ?

ÌBÉÈRÈ: Mo ti pé ẹni ọdún 46. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí jẹjẹrẹ prostate lára ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin (ẹni ọdún 58 ni wọ́n), ìyàwó mi ò jẹ́ kí n sinmi mọ́: àfi kí n lọ ṣe àyẹ̀wò. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe mí o. Ìtọ̀ mi ń jáde geerege, n kì í jí tọ̀ lóru, ojúṣe ọkùnrin ò sì yẹ̀. Kí ni ẹni tí ara rẹ̀ le ń wá lọ sí ilé ìwòsàn? Wọ́n tún ní ìka ni dókítà máa ń kì bọ èèyàn nídìí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ẹni tó bá ń wá wàhálà kiri ló máa ń rí i: wọ́n á yẹ̀ ọ́ wò, wọ́n á rí nǹkan, wọ́n á gbé ọ sórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ, ìgbà tí o bá máa fi jáde, o ti di akúra. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí o.

* * *

Àbúrò, èmi ti ṣe é, mo ṣì ń ṣe é títí di bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. N ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

Nínú gbogbo ohun tí o kọ, èyí tó bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe ti ìka, kì í sì í ṣe ti akúra. “Ìtọ̀ mi ń jáde geerege” ni. Gbólóhùn yẹn ló ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọkùnrin pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Gbọ́ bó ṣe jẹ́. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ni prostate wà, àárín rẹ̀ sì ni ojú ọ̀nà ìtọ̀ gbà kọjá. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ, apá àárín yẹn, èyí tó yí ojú ọ̀nà ìtọ̀ ká, a máa wú, á sì fún ojú ọ̀nà náà pọ̀. Òun ló máa ń jẹ́ kí ìtọ̀ máa já díẹ̀díẹ̀, kí bàbá máa jí tọ̀ lóru léraléra. Wíwú lásán nìyẹn, kì í ṣe jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ ní tirẹ̀, etí ìta ló sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, lápá ẹ̀yìn tó kọjú sí ihò ìdí. Ibẹ̀ jìnnà sí ojú ọ̀nà ìtọ̀. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó má fọwọ́ kan ìtọ̀ rẹ rárá. Nígbà tó bá fi dé orí ìtọ̀, tàbí tí ìbàdí àti ọ̀pá ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro èèyàn, ó ṣeé ṣe kó ti kúrò nínú prostate, kó ti wọ egungun.

Nítorí náà, ẹni tó ń tọ̀ dáadáa lè ní in, ẹni tí ìtọ̀ ń yọ lẹ́nu sì lè má ní in. Mo mọ bàbá kan tí wọ́n fún ní oògùn ìtọ̀. Oògùn náà jẹ́, ìtọ̀ là, bàbá bá ní kò sídìí fún àyẹ̀wò mọ́. Oògùn tó la ìtọ̀ kò sọ ohunkóhun nípa jẹjẹrẹ o! Kódà, finasteride àti dutasteride tí wọ́n fi ń mú prostate tó wú súnkì máa ń fa iye PSA (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí àyẹ̀wò prostate ń wò) wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Tí dókítà ò bá mọ̀ pé o ń lò ó, èsì náà á tàn án jẹ.

* * *

Ti ẹ̀gbọ́n rẹ. O fẹnu bà á lásán, o kọjá lọ. Èmi ò lè kọjá lọ bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin bá ti ní jẹjẹrẹ yìí, ewu tirẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti ẹlòmíì lọ. Ó tún le jù bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ pé ọjọ́ orí ẹni náà ò tíì pọ̀ nígbà tí wọ́n rí i. Kì í ṣe ọkùnrin nìkan là ń bi léèrè o: ìdílé tí jẹjẹrẹ ọmú tàbí ti ibi ẹyin obìnrin bá ti ń bá ìyá àti àwọn ọmọbìnrin jà, àbùkù inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé tí wọ́n ń pè ní BRCA2 lè wà níbẹ̀, òun náà a sì máa fa ti prostate. Àwa èèyàn dúdú wá ní tiwa lórí gbogbo rẹ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan nínú ọkùnrin dúdú mẹ́rin ni wọ́n máa rí i lára rẹ̀ láyé rẹ̀. Tí a bá kó gbogbo ọkùnrin pọ̀, ọ̀kan nínú mẹ́jọ ni.

Ìlànà American Cancer Society, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, ni pé kí ọkùnrin tí kò ní ewu àrà ọ̀tọ̀ bá dókítà jíròrò àyẹ̀wò yìí láti ẹni ọdún 50. Ọkùnrin dúdú, tàbí ẹni tí bàbá tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ní in kó tó pé ọdún 65, láti 45. Ẹni tí ó ju ẹyọ kan lọ nínú irú ìbátan bẹ́ẹ̀ bá ti ní in lọ́jọ́ orí kékeré, láti 40. Ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́ 58, ìwọ jẹ́ 46. Ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹni tó ń ṣe eré ìdárayá ò lè ní in: Chris Hoy ńkọ́? Ọmọ Scotland tó gba góòlù mẹ́fà nídìí eré kẹ̀kẹ́ ní Olympics, ara rẹ̀ le bí òkúta. Èjìká ló ń dùn ún tó fi lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dún 2023. Prostate ni wọ́n padà tọpa rẹ̀ dé, ó sì ti wọ egungun. Lọ́dún 2024, ní ẹni ọdún 48, ó kéde pé tòun ti kọjá èyí tó ṣeé wò sàn. Bàbá rẹ̀ àti bàbá àgbà rẹ̀ ti ní irú rẹ̀ rí. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun.

* * *

Mo ti mọ̀ pé orí ìka lẹ máa jókòó sí. Èèyàn mélòó ló ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ nísàlẹ̀ níbí? Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán, ká bọ́ síwájú.

Àkọ́kọ́, àyẹ̀wò PSA, ẹ̀jẹ̀ ni. Abẹ́rẹ́ lápá, ó tán. Níbi púpọ̀ lóde òní, wọn ò ní ká ki ìka bọ ẹnikẹ́ni kó tó lè ṣe é. Ìwọ lè sọ fún dókítà pé ẹ̀jẹ̀ ni o fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Èkejì, fún ẹni tí wọ́n bá ní kó ṣe ti ìka náà, bó ṣe rí lára mi rèé. Dókítà ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, kí n ká orúnkún méjèèjì mọ́ àyà. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń na ìbọ̀wọ́ rọ́bà lẹ́yìn mi. Ó ní, “Á tutù díẹ̀ o, sà.” Nǹkan yíyọ̀ kan kàn mí, ó tutù lóòótọ́, mo di eyín. Ó ní kí n mí síta. Kí n tó mí síta tán, ó ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́ sínú garawa ìdọ̀tí. Kò dùn mọ́ni, kò sì dunni. Ohun tí gbogbo ariwo ọdún gbọọrọ dá lé lórí nìyẹn.

Ẹni tó kọ ọ́ pé òun ò lè gbà á “nítorí ọkùnrin lòun”, ṣé kí n bi ọ́ léèrè ohun tí ìyàwó rẹ gbà kó tó bí àwọn ọmọ yẹn fún ọ?

Mo fẹ́ fi ẹyọ kan kún un tí àwọn tó fẹ́ràn ìka máa bínú sí: ẹ má gba ti ìka nìkan. Apá ẹ̀yìn nìkan ló lè kàn, èyí tó bá kéré tàbí tó wà níwájú á sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n dán an wò ní Jámánì lára àwọn ọkùnrin ẹni ọdún 45, ohun tí ìka rí kò tó nǹkan. Tí ẹnì kan bá kì í bọ̀ ọ́, tó ní “prostate rẹ dáa, máa lọ,” láì gba ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ ò tíì parí.

* * *

Ẹnì kan ní PSA ọ̀rẹ́ òun jẹ́ 6, pé ọ̀rẹ́ náà ti ń pín ogún.

Kó rọra. Èròjà tí prostate fúnra rẹ̀ ń ṣe ni PSA. Inú àtọ̀ ló ń lọ, díẹ̀ níbẹ̀ ló ń jò wọ ẹ̀jẹ̀. Ohunkóhun tó bá da prostate láàmú lè mú kí jíjò yẹn pọ̀ sí i. Ajá ló ń gbó yẹn. Kò tíì sọ bóyá olè ló dé tàbí àlejò. Prostate tó wú lásán lè gbé e sókè. Kòkòrò àìsàn ojú ọ̀nà ìtọ̀ lè gbé e sókè, débi pé wọ́n máa ń ní kéèyàn dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn tó bá tọ́jú rẹ̀ tán kó tó lọ gba ẹ̀jẹ̀. Gígun kẹ̀kẹ́ àti ìbálòpọ̀ náà wà níbẹ̀: jìnnà sí méjèèjì fún wákàtí 48 ṣáájú. (Ẹ̀yin tí ìyàwó yín ló ń tì yín lọ ṣe àyẹ̀wò, ẹ sọ èyí fún un ṣáájú, kó má di ìjà.)

Nípa iye rẹ̀: 4 ni wọ́n ti ń lò bí ààlà láti ọjọ́ pípẹ́. Láàárín 4 sí 10, nǹkan bí ọ̀kan nínú ọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n máa bá jẹjẹrẹ lára rẹ̀. Tó bá kọjá 10, ó ju ìdajì lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má sùn lórí 4 náà o. Ní Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2004, wọ́n gé ẹran prostate àwọn ọkùnrin tí PSA wọn ò ju 4 lọ yẹ̀ wò, wọ́n sì bá jẹjẹrẹ lára nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ohun tó wúlò jù ni kó o ní iye kan lọ́wọ́ nígbà tí ara ṣì le, kí dókítà lè fi ti ọdún tó ń bọ̀ wé e. Ẹni tó bá wà ní 1 tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí 3 ní ohun tó fẹ́ bá dókítà sọ, bí kò tilẹ̀ tíì dé 4.

Ọ̀rẹ́ tó jẹ́ 6 yẹn, kó tún un ṣe. Wọ́n tún ti ẹnì kan tí mo mọ̀ ṣe lẹ́yìn tó lo oògùn kòkòrò tán, ó já wálẹ̀ sí 2 àti díẹ̀.

* * *

Mo ti ń retí ẹni tó máa sọ pé àyẹ̀wò yìí ń ṣe ìpalára ju bó ṣe ń ṣoore lọ. Ó dé lónìí, kò sì sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹ má bú u.

Richard Ablin, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ rí èròjà kan nínú prostate lọ́dún 1970, fúnra rẹ̀ kọ̀wé ní 2010 pé àṣìṣe ńlá ni bí wọ́n ṣe ń fi PSA yẹ gbogbo ọkùnrin wò. Lọ́dún 2012, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí àyẹ̀wò ní kí wọ́n má ṣe é mọ́. Ìdí wọn ni pé ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ prostate ló máa ń rọra rìn, débi pé nǹkan mìíràn ni yóò pa ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n ń gé gbogbo rẹ̀ láìyan èyí tó yẹ. Ọkùnrin tí ì bá darúgbó láìmọ̀ pé òun ní nǹkan kan wá ń lo nápíkìn.

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà? Ní 2018, ìgbìmọ̀ yẹn kan náà yí ohùn padà: láti 55 sí 69, kí ọkùnrin àti dókítà jọ jíròrò rẹ̀, kí ọkùnrin pinnu. Ìwádìí ńlá ti ilẹ̀ Yúróòpù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993 pẹ̀lú ọkùnrin tó lé ní 160,000, gbé èsì ọdún 23 jáde ní 2025: láàárín àwọn tí wọ́n pè fún PSA, ikú jẹjẹrẹ prostate fi 13 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Nínú ọkùnrin 456 tí wọ́n pè, wọ́n gba ẹnì kan lọ́wọ́ ikú yìí. O lè ní ẹnì kan ò tó nǹkan. Èmi ní ó kù sọ́wọ́ ẹni tí ẹni náà bá jẹ́, àti pé gbogbo irú ọkùnrin ni wọ́n kó síbẹ̀. Kì í ṣe àwọn tí ewu wọn ga bíi tìrẹ nìkan.

Ibi tí mo ti kúrò lẹ́yìn ẹni tó ń tako àyẹ̀wò nìyí: mímọ̀ yàtọ̀ sí gígé. Láyé àtijọ́, tí PSA bá ti ga, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gé ẹran prostate yẹ̀ wò ló kàn, iṣẹ́ abẹ ló tẹ̀ lé e. Nísinsìnyí, níbi tí irinṣẹ́ bá wà, MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2017 àti 2018 fi hàn pé ó ju ọ̀kan nínú ọkùnrin mẹ́rin lọ tí MRI lè gbà lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ náà pátápátá. Tí wọ́n bá gún abẹ́rẹ́ tí wọ́n sì rí nǹkan, wọ́n á fún un ní máàkì Gleason, láti 6 lọ sí 10. 6 ni èyí tó tutù jù.

6 ni tèmi. Kò sí ẹni tó gé mi. Mò ń gba ẹ̀jẹ̀, mò ń ṣe MRI nígbà tó bá yẹ, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́ mi. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pín ọkùnrin 1,643 tí jẹjẹrẹ wọn ò tíì jáde kúrò nínú prostate sọ́nà mẹ́ta: wọ́n ń ṣọ́ àwọn kan, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn kan, wọ́n fi ìtànṣán tọ́jú àwọn kan. Lẹ́yìn ọdún 15, nǹkan bí mẹ́ta péré nínú ọgọ́rùn-ún ni jẹjẹrẹ náà ti pa, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. N ò ní fi apá kejì pamọ́: láàárín àwọn tí wọ́n ń ṣọ́, èyí tó tàn ká ara tó ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù. Nítorí náà, ṣíṣọ́ kì í ṣe kéèyàn gbàgbé. Ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ pé òun ò ní padà lọ, kó sọ fún dókítà.

* * *

Akúra.

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe asán. Àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí ọkùnrin dìde, ẹ̀gbẹ́ prostate tọ̀tún tòsì ni wọ́n gbà kọjá. Oníṣẹ́ abẹ lè gbìyànjú kó má kàn wọ́n, kì í fi gbogbo ìgbà ṣeé ṣe. Àwọn kan máa ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn oṣù púpọ̀, àwọn kan ò padà bọ̀ bó ṣe wà. Ìtọ̀ lè máa jò, pàápàá ní oṣù àkọ́kọ́. Ìdárayá fífún iṣan ìsàlẹ̀ pọ̀ máa ń ṣèrànwọ́.

Ṣùgbọ́n kí lẹ rò pé wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó bá pẹ́ dé? Láti 1941 ni dókítà kan, Charles Huggins, ti fi hàn pé èròjà ọkùnrin inú ara ló ń bọ́ jẹjẹrẹ yìí. Iṣẹ́ yẹn ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1966. Ìtọ́jú èyí tó ti tàn ká, gígé oúnjẹ yẹn kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni, nípa abẹ́rẹ́ tàbí nípa yíyọ ẹpọ̀n. Ọkùnrin tí wọ́n bá ṣe é fún, kì í ṣe dídìde nìkan ló ń lọ, ìfẹ́ ẹ̀ gan-an á lọ. Ooru á máa mú un bíi ti obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, egungun á sì máa rọ. Ẹ wá sọ fún mi, láàárín ẹni tó tètè lọ àti ẹni tó pẹ́, ta ló súnmọ́ ohun tí gbogbo yín ń sá fún?

* * *

Àwọn kan ń jà nísàlẹ̀ lórí bóyá ó yẹ kí ọkùnrin máa sọ ọ́ síta. Mandela sọ tirẹ̀ lọ́dún 2001, ó gba ìtọ́jú onítànṣán, ó sì gbé ayé títí di 2013. Lloyd Austin, tó jẹ́ mínísítà ààbò Amẹ́ríkà nígbà náà, fi tirẹ̀ pamọ́ ní òpin 2023, kódà fún ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ ààrẹ, ó sì di ọ̀ràn tó wá tọrọ àforíjì lé lórí. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni kéde lójú ọjà. Ohun tí mo ń sọ kò ju inú ilé lọ: ẹni tí wọ́n bá rí i lára rẹ̀, gbèsè ló jẹ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ọkùnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti sanwó tiwọn. Àwọn ọkùnrin yòókù nínú ìdílé yín, ṣé wọ́n ti gbọ́?

* * *

Mo rí èsì rẹ, pé o ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà, o sì ń bi mí bóyá kó o mú bàbá yín, ẹni ọdún 81, dání kí wọ́n ṣe é pọ̀.

Rárá. Má fà wọ́n lọ gba PSA bí ara wọn bá le. Láti 70 lọ, ìgbìmọ̀ Amẹ́ríkà yẹn ò fọwọ́ sí i. Jẹjẹrẹ tó ń rọra rìn kì í sábà bá àgbà lọ́jọ́ orí yẹn dé ibi tó ń lọ, wàhálà ìtọ́jú ni wọ́n máa rù.

Ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀ wọn, tí egungun bá ń ro wọ́n tí kò lọ lóru, tàbí tí wọ́n ń rù láìnídìí, ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ àyẹ̀wò ẹni tí ara rẹ̀ le; kí dókítà rí wọn lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ̀yìn tó ń dun bàbá, tí ẹsẹ̀ wá ń rọ tàbí ń kú tìpìrì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an ni, kódà kó jẹ́ òru.

Dípò kó o mú wọn dání, bi wọ́n léèrè nípa àwọn bàbá àti àbúrò wọn tó ti kú: kí ló pa wọ́n, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Bi wọ́n nípa àwọn obìnrin ìdílé náà pẹ̀lú. Kọ ọ́ sílẹ̀, mú un lọ. Dókítà máa bi ọ́.